Ẹni Tó Ń Lọ Tó Ní Òun Ń Bọ̀

Bí òjò bá ti rọ̀, tí òórùn amọ̀ tútù sì gba afẹ́fẹ́, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yàrá ṣe ń rùn lọ́jọ́ tí ògiri wó lù wá ní agboolé wa nísàlẹ̀ Màpó. Títí dòní, bí mo bá wọ ilé ẹnikẹ́ni, ògiri ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó jókòó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, ọmọge tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, tó sì dàgbà síbẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, òyìnbó la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Mò ń fi yàrá tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí hàn án ni ògiri dún bí aṣọ tó ń ya, ó sì wó. Nígbà tí ojú wa là, ẹsẹ̀ àwa méjèèjì ti há sábẹ́ amọ̀. Igi àjà ńlá kan fara ti òkìtì amọ̀ náà, ó dábùú lókè orí wa. Bí òkìtì yẹn bá fi lè yẹ̀, igi yóò já lù wá.

Télọ̀ tó ń ránṣọ lójúde wa ló kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé. Ó wo igi náà, ó wo ọmọ tó mọ̀ pé kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní, "Sister, I am coming." Ló bá kẹ̀yìn sí wa, ó sáré lọ.

Ọmọ náà figbe ta. "Irọ́ ló ń pa! Ó ní òun ń bọ̀, ó sì ń sá lọ!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Amọ̀ ń ya, igi ń dún. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí.

"Má mira! Ó ń bọ̀."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, Àǹtí!"

"Bá a ṣe ń sọ ọ́ níbí nìyẹn. Ẹni tó ń lọ kì í ní òun ń lọ. Pé òun máa padà ló ń sọ fún ẹ."

"Tí kò bá wá padà ńkọ́?"

Ẹ̀rù yẹn náà ló ń ba èmi gan-an. Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ìyá mi fún un, bí wọ́n ṣe máa ń pè mí padà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá ní mò ń lọ. "Sọ pé ò ń bọ̀," ni wọn á wí, àfi kí n tún un sọ kí wọ́n tó jẹ́ kí n jáde. Mò ń sọ ọ́ lọ ni, ó ń gbọ́, kò sì mira mọ́.

Ibẹ̀ la wà tí télọ̀ fi dé pẹ̀lú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà láti Ọjà'ba, wọ́n ru òpó lérí. Wọ́n fi ti igi náà kí wọ́n tó fọwọ́ kan amọ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n fà wá jáde, télọ̀ rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, mo gbọ́ igbe ọmọ yín lẹ́yìn mi o! Ó rò pé mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ni?" Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ náà. Ẹkún àti ẹ̀rín pa pọ̀ lójú rẹ̀.

Ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Bí a bá sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, kì í sọ pé ó dàbọ̀ mọ́. "Àǹtí, I'm coming," ni yóò wí. Mi ò rò pé ó yé àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ní tèmi, tẹ́lẹ̀ rí, mo kàn ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń wọ bàtà ni, láìrò ó. Ní báyìí, bí mo bá ní mò ń bọ̀, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnì kan nínú ilé dá mi lóhùn, kí n tó gbẹ́sẹ̀.