Ọmọ Tó Sùn Létí Yàrà Bahra

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi wáyà yí òkìtì Bahra ká ni oúnjẹ ti sá lẹ́nu Àbẹ̀bí. Ìlú kékeré lójú ọ̀nà Jidà sí Mẹ́kà ni Bahra. Ibẹ̀ ló ti ń gbálẹ̀ fún àwọn mẹkáníìkì láti ìgbà tó ti wá hájì tí kò padà sílé mọ́. Kò níwèé ìgbélùú. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn ni ahoro ilé ọlọ́lá ayé àtijọ́ kan wà. Yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí i ká àti òkìtì erùpẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù níbẹ̀.

Etí yàrà yìí ni òun àti Mùnírù ọkọ rẹ̀ sin àkọ́bí wọn sí. Kò tíì gba orúkọ tó fi kú, ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó bí Ridwanat ọmọbìnrin wọn. Ta ni wọn ì bá gbé òkú aláìníwèé lọ bá? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Àbẹ̀bí. Nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í tú yàrà ìlú. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ayé.

Wàyí o, àwọn tó ń hú ohun àtijọ́ ti kó ṣọ́bìrì dé.

"Wọn á ní egungun ará ayé àtijọ́ ni," Àbẹ̀bí wí. "Wọn á kó ọmọ mi sínú páálí."

"Ìyá Ridwanat, pa ẹnu ẹ mọ́," Mùnírù dáhùn. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá wa padà bí ẹrù tó bàjẹ́ ni? Ọlọ́run mọ ibi tí ọmọ náà wà."

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Àwọn yẹn ò mọ̀ ọ́n."

Ó kírun, ó bẹ Ọlọ́run kó darí ṣọ́bìrì wọn síbòmíràn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìtòsí ọmọ náà gan-an ni wọ́n ti ń walẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ bóyá ẹnì kan tiẹ̀ gbọ́, ó sì yára tọrọ àforíjì. Ló bá lọ bá Dana, ọ̀gá àwọn tó ń walẹ̀ náà, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Dana dáhùn pé, "Àlàájà, mo gbọ́dọ̀ pe ọlọ́pàá. Wọ́n á sin ín sí itẹ́ Mùsùlùmí ní Mẹ́kà. Kí n má bá yín níbí tí wọ́n bá dé."

Àbẹ̀bí rántí Ridwanat tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù ní àdúgbò Nuzlah ní Jidà: tí ọlọ́pàá bá mú òun, ta ni yóò bá a gbọ́mọ? Ó gba ilé lọ.

Ìgbà tó yá ni òun àti Mùnírù lọ kí ọmọ náà ní itẹ́ tí wọ́n sin ín sí ní Mẹ́kà. Wọn ò jẹ́ kí obìnrin wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí. Mùnírù wọlé, ó pẹ́, ó jáde.

"Gbogbo sàréè ibẹ̀ ló jọra. Kò sórúkọ lára ìkankan."

"Sáà nawọ́ síbi tó ṣeé ṣe kó jẹ́."

Mùnírù nawọ́. Àbẹ̀bí rí i pé ọwọ́ náà ń wá ibi tí yóò dúró sí.