Wáífáì Tó Ń Wọ́ Ẹsẹ̀ Nílé Ìyá Bò-ó-láṣọ

Ìyá Bò-ó-láṣọ ni àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń ránṣọ, kò sì sí ohun tó wọ ilé rẹ̀ tí kì í wọ aṣọ. Rédíò wọ aṣọ. Fáànù ní ẹ̀wù ọjọ́ iṣẹ́, ó ní ti ọjọ́ ìsinmi. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ní ẹ̀wù tó mú un lọ́rùn débi pé èèyàn ní láti tú bọ́tìnnì mẹ́ta kó tó lè dín ariwo kù. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń ráhùn, á ní, "Aṣọ là á kí, kí á tó kí èèyàn." Ọkọ rẹ̀, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, á ní, "Rìmóòtù kì í ṣe èèyàn, ìyàwó mi." Á dáhùn pé, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Nínú gbogbo ilé náà, bàbá yìí nìkan ni kò rí ẹni tún aṣọ ṣe fún un. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kan, èyí tó wà lọ́gangan ìdodo, ti já láti oṣù kan.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ń wá olùkọ́ aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí wọn. Èmi nìkan ló sọ ìdí rẹ̀ fún: ẹ̀yìn ti ń dùn ún lórí máṣíìnì, ó sì wù ú kó kọ́ àwọn èwe ní ohun tó mọ̀ kó tó di pé ọwọ́ rẹ̀ gbàgbé. Orí láàpútọ́ọ̀pù ni wọ́n ní àwọn máa ti ṣe intáfíù náà.

Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. Bó ṣe la ẹnu láti sọ orúkọ rẹ̀ ni àwòrán gan pa. Odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń wò ó lọ́hùn-ún, ẹnu lílà, ojú kan pípadé, bí ẹni tó fẹ́ sín. Wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bó bá tún gan, ẹlòmíràn làwọn máa mú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ fún intáfíù àkọ́kọ́ yẹn. Pé Ọlọ́run gbọ́, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kanlẹ̀kùn, tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ilé, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣílẹ̀kùn, ó ní ohun tó máa ń ṣe ọkàn.

Aago mẹ́jọ ni mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ọjọ́bọ̀ náà. Láàpútọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì ìgéṣọ nínú yàrá iwájú, dígí gíga tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn sì wà lẹ́yìn àga ẹ̀gbọ́n mi, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá kejì. Mo ní kí n kọ́kọ́ dán íńtánẹ́ẹ̀tì wò. Àmì róbótó tó ń ní ká ṣe sùúrù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bí ajá tó ń wá ibi tó máa sùn sí.

"Àbúrò, kí ló ń ṣe é?"

"Ẹ̀rù ẹ̀wù tí ẹ máa rán fún un ló ń bà á."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jàre, tún un ṣe!"

Mo pa á, mo tan án padà. Ó ń yí. Mo rí i pé ojú ìwé mọ́kànlélógójì ló ṣí sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ àwòrán kọ́là ọrùn ẹ̀wù. Mo ń tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi ń kérora bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀. Ó ń yí. Mo ní bóyá àwọn ará ilé kejì ti mọ páásíwọ́ọ̀dù wa. "Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n mi wá pe iléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Íńtánẹ́ẹ̀tì wa ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ràútà ńkọ́, àpótí kékeré tó ń tanná yẹn? Ibo lẹ gbé e sí?"

"Ibi tó dáa ló wà."

"Ṣé nǹkan kan ò bò ó mà?"

"Rárá o. Aṣọ rẹ̀ nìkan ló wọ̀."

"Aṣọ ta ni mà?"

Bí ìpè náà ṣe já nìyẹn.

"Ẹ wá gbọ́ ìbéèrèkíbéèrè!" ẹ̀gbọ́n mi figbe ta. "Aṣọ ta ni!"

Ó yẹ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ nínú ilé tí sílíńdà gáàsì ti ń wọ yẹ̀rì, kí ló kù tó máa yani lẹ́nu?

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago mẹ́wàá lù, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lérí. "Àbúrò, gbàdúrà."

Mo gbé ọwọ́ lé láàpútọ́ọ̀pù. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó jẹ́ pé ojú kan ni mò ń dì bí mo bá ń gbàdúrà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi alára kò mọ ohun tí mò ń retí láti rí. Mo ní, "Olúwa, Ìwọ tó mọ inú, tó mọ òde, Ìwọ lo mọ ibi tí wàhálà yìí wà. Gbà wá."

"Àmín!"

Àmì náà pòórá. Àwọn olùkọ́ mẹ́ta láti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà yọ lójú láàpútọ́ọ̀pù, wọ́n jókòó tò, ó mọ́lẹ̀ débi pé mo lè ka eyín wọn.

"Ó ti já geere! Àbúrò mi, àdúrà ẹ gbà!"

Ṣùgbọ́n ojú mi tó là ti rí nǹkan míì nínú yàrá kejì. Bàbá fẹ́ rán bọ́tìnnì rẹ̀ kí àwọn àlejò inú ẹ̀rọ má bàa rí ìdodo rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ àti òwú ló ń gbénú agolo bisikíìtì nílé aránṣọ? Ó ti gbé agolo kan sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ti ṣí ìdérí rẹ̀.

"Ìyàwó mi," ló pariwo, "bisikíìtì wo ló ń tanná rèé?"

Ràútà ni, nínú ẹ̀wù àrán tí a fi fóòmù tẹ́ nínú, pẹ̀lú ojú bọ́tìnnì márùn-ún fún iná márààrún. Ẹ̀gbọ́n mi ló lu ihò sára agolo náà kí wáyà lè gbabẹ̀ jáde. Ó ti gbé e síbẹ̀ láàárọ̀ intáfíù àkọ́kọ́, kí eruku má bàa kàn án lọ́jọ́ ńlá bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má gbé e sílẹ̀ o!" mo kígbe. "Ẹ má dé e padà!"

Ẹ̀rù ba bàbá. Ó fà á yọ, ó gbé e sókè orí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀wù rẹ̀ bá a gòkè, ìdodo yọ síta, dígí gíga sì ń fi gbogbo rẹ̀ han àwọn olùkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," obìnrin kan lára wọn wí, "ta ni bàbá tó wà lẹ́yìn yín yẹn? Kí ni wọ́n gbé sókè?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo dígí.

"Ọkọ mi ni. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé."

Ọ̀kan nínú wọn wúkọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ikọ́. Obìnrin náà ní, "Ó dáa. Ẹ fi ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ hàn wá."

Kọ́là tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pèsè wà níwájú rẹ̀. Ó wo kọ́là, ó wo ìdodo ọkọ rẹ̀ nínú dígí. Ó ti kọ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ máa bọ̀."

Wáyà gbà á dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi fi òwú sí abẹ́rẹ́. "Oṣù kan ni bọ́tìnnì yìí ti já, èmi sì jókòó, mò ń ránṣọ fún rìmóòtù. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn ló wà nínú aṣọ. Ìka yín ní láti wà láàárín abẹ́rẹ́ àti ara. Bó bá ké, ẹ ti kùnà."

"Mi ò tíì ké o," bàbá wí láti òkè.

"Ẹ dákẹ́, kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa jẹ́rìí nínú ìjọ pé àdúrà mi ló ṣe é. Mo ní, "Ẹ má fi mí parọ́. Agolo tí bàbá ṣí ni. Mo rí i. Ojú kan ni mo dì."

"Ojú kan?"

"Ojú kan."

Mo ń retí èébú, àmọ́ ó ní, "Ta ló rán ọkọ mi lọ sídìí agolo lásìkò yẹn gan-an?"

"Bọ́tìnnì tó já ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ta ló wá jẹ́ kí n gbàgbé bọ́tìnnì náà fún odindi oṣù kan, èmi tí n kì í gbàgbé rìmóòtù?"

N kò tíì rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan á dà bíi pé òótọ́ ni, lọ́jọ́ kejì á dà bíi pé agolo lásán ni. Àmọ́ mo ṣì ń kanlẹ̀kùn.

Ràútà ti wà ní gbangba báyìí, orí pẹpẹ, nínú léèsì olójú wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́rìí nínú ìjọ lóòótọ́. Kò fi nǹkan kan pa mọ́: agolo, ìdodo, àti ojú mi kan tó là. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní kí n gbàdúrà ìdílé, ọkọ rẹ̀ á nàka sí bọ́tìnnì rẹ̀, á ní, "Àna mi, ojú wo lẹ máa dì lónìí?"