Wọ́n Wá Bẹ Mùnírù Pé Kó Padà Sídìí Sìgá

Nígbà tí Mùnírù ń mu sìgá, gbogbo ẹbí rẹ̀ ní Ayétòrò ló ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àṣíáwù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni olórí wọn. Ó ní èéfín yẹn ni yóò pa Rodiat, ọmọ Mùnírù kékeré tí àyà máa ń há, tí èémí rẹ̀ ń dún bíi táyà tó ń jò. Nọ́ọ̀sì pàápàá sọ bẹ́ẹ̀ fún Suliat, ìyàwó Mùnírù. Ọjọ́ tí ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú mọ́ Mùnírù lọ́wọ́ ló da páálí sìgá rẹ̀ sí ṣáláńgá. Kò pariwo, kò pe ẹlẹ́rìí kankan.

Wọ́n yìn ín, wọ́n yìn ín, ìyìn náà ò tọ́jọ́. Ara ń yún ọkùnrin náà láti inú wá. Ó ń jẹ orógbó, orógbó ò ràn án. Níbi iṣẹ́ tó ti ń tún ọ̀kadà ṣe, nọ́ọ̀tì tó ń tú ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú iyanrìn, á sì máa bú nọ́ọ̀tì. Ó lé oníbàárà tó wá láti Joga-Orílé dànù, nítorí pé onítọ̀hún ń súfèé. Ó da ọbẹ̀ Suliat nù, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ó jágbe mọ́ Rodiat títí ọmọ fi tọ̀ sára. Ojú tì í, ìtìjú náà tún ń bí i nínú. Ó mọ̀ pé ẹyọ sìgá kan péré lè mú gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, àmọ́ kò mu ún.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ẹbí dé. Àwọn kan náà ni o! Àṣíáwù ló ṣáájú, àgbà méjì tẹ̀ lé e.

"Mùnírù, a wá bẹ̀ ọ́ ni," Àṣíáwù ní. "Padà sídìí nǹkan rẹ. Mùnírù tó ń mu sìgá mọ èèyàn. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, a ò mọ̀ ọ́n rí."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ẹyọ sìgá kan àti ìṣáná, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Ló bá kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà ló kúnlẹ̀ fún un nítorí sìgá!

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Itọ́ ti kún ẹnu Mùnírù. Òórùn sìgá náà ti dé imú rẹ̀, ó sì ń dá a lóró.

Rodiat húkọ́ nínú yàrá. Gbogbo wọn gbọ́.

"Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀ mí tán," Mùnírù ní, "ẹ wọlé lọ bẹ ikọ́ yẹn. Tó bá gbà fún yín, màá ṣáná sí i."

Suliat ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Bàbá Rodiat, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọmọ yín wà. Tó bá ti gbọ́ ìró bàtà yín, ibẹ̀ ló ń sá sí. Inú eruku ibẹ̀ ló ti ń húkọ́. Mò ń gbé e lọ sọ́dọ̀ màmá mi n'Ìwòyè."

Ó sì gbé e lọ lóòótọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Àṣíáwù àtàwọn àgbà bá tiwọn lọ. Sìgá Àṣíáwù wà lórí bẹ́ǹṣì, Mùnírù ò fọwọ́ kàn án. Ilé ti mọ́, kò sí èéfín kankan níbẹ̀ mọ́, kò sì sí Rodiat tí yóò fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ símú.