Ọjọ́ Tí Mo Gbọ́ Bí Egungun Itan Mi Ṣe Là

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Ó ti pẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, ṣùgbọ́n ara mi ò gbàgbé.

Télọ̀ ni mí nígbà náà. Ìkirè ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Àpòmù ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi, Ràṣídì. Wọ́n bí àìsàn sickle cell mọ́ mi ni, òun ló jẹ oríkèé ìbàdí mi ọ̀tún títí tí orí egungun itan fi kú síbẹ̀. Bí mo bá ti fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì báyìí, omijé ni! Ìyá ọkọ mi á ní mò ń díbọ́n kí n má baà gún iyán. Díbọ́n kẹ̀?

Nígbà tó yá, wọ́n darí wa sí ilé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn. Dókítà àgbà ibẹ̀ ní àwọn máa gé orí egungun tó kú náà kúrò, àwọn á kan irin wọ inú egungun itan láti rọ́pò rẹ̀. Inú mi dùn! Mo rò pé ìyà ti tán nìyẹn.

Ẹ gbọ́ o, wọn ò fún mi lóògùn oorun. Ẹ̀yìn ni wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ sí. Ìdí mi dé ẹsẹ̀ kú pátápátá, ṣùgbọ́n etí mi là kedere. Wọ́n ta aṣọ síwájú mi, n ò rí nǹkan kan, mo kàn ń gbọ́ ayùn. Hámà ló tẹ̀lé e: gbà, gbà, gbà! Gbogbo ara mi ń mì tìtì.

Àfi kẹ́ẹ̀! Bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Hámà dákẹ́. Dókítà kejì ní, "Sà, egungun itan ti là." Ọ̀gá rẹ̀ ní kó panu mọ́, ṣé kò mọ̀ pé obìnrin náà ò sùn ni? Mo pariwo pé kí ló là? Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ mìíràn, n ò mọ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo jí, mo bi dókítà àgbà léèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àlá ni mo lá. Ó ní iṣẹ́ ti yọrí sí rere, kí wọ́n gbé mi dìde lọ́jọ́ kejì.

Mo fẹsẹ̀ kanlẹ̀, yéè! Nǹkan kan yẹ̀ nínú itan mi. Mo bẹ nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n jókòó."

"Ta ló ní kóo jókòó? Ọ̀lẹ! Àwọn arúgbó ń rìn níbí." Ó tì mí síwájú.

Ìgbà tí mo ṣubú tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó yẹ kí wọ́n ya fọ́tò egungun. Itan ti là gbọọrọ, irin ti rì wọ inú rẹ̀! Wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n fi wáyà di egungun náà bí ìdì igi ìdáná. Ẹsẹ̀ náà kúrú títí dòní.

Ìyá mi bi dókítà náà pé kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Màmá, tí mo bá sọ, ṣé ẹ̀yin lẹ máa so ó pọ̀?" Ló bá jáde.

Ràṣídì ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ló wá wò mí. Kí n tó dé Àpòmù, ìyàwó tuntun ti wọ yàrá mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá ẹrù mi. Ìyá rẹ̀ ní kí n dúpẹ́ pé àwọn ò kó o sínú òjò.

Mo padà sílé bàbá mi n'Íkirè. Máṣíìnì tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni mo fi ń ránṣọ títí di òní, Alhamdulillah.

Nígbà tó pẹ́, dókítà mìíràn là mí lóye. Ó ní egungun lè là bí wọ́n bá ń kan irin wọlé, pàápàá egungun tí àìsàn ti jẹ. Ó ní bí wọ́n bá ti dì í lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n sì jẹ́ kí n sinmi, ó ṣeé ṣe kó jinná dáadáa. Ṣé ẹ rí i? Egungun tó là kọ́ ló ṣe mí báyìí, ẹnu tí wọ́n pa mọ́ ni!

Ẹ máa bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn yín, ẹ sì tún bi wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbẹ́ tí wọ́n bá fi hàn mí, mo lè tọ́jú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bò mọ́ mi lára ńkọ́?

Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nínú yín? Ẹ sọ tiyín síbí, mò ń kà á.