Ogun Ọjọ́ Sátidé Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ni Aránṣọ àti Bàbá Aago kọ́kọ́ pàdé, nígbà tí Aránṣọ gbé aago ògiri tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe aago tí ó wà ní ìkángun òpópónà wọn. Ó bá bàbá náà tí ó tẹrí mọ́lẹ̀, awò kékeré tí àwọn tí ń tún aago ṣe máa ń há mọ́ ojú wà lójú rẹ̀, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ kun nǹkan kan. Aránṣọ rò pé aago ni. Nígbà tí ó sún mọ́ ọn, ó rí i pé jagunjagun onírin ni, tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, irunmú rẹ̀ ni bàbá náà sì ń kùn. Àwọn oníbàárà mìíràn tí wọ́n bá rí irú èyí a máa béèrè bóyá ara bàbá náà yá. Aránṣọ ní tirẹ̀ kí i tán, ó wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, apá ibo ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń jà fún?"

Bàbá Aago yọ awò lójú, ó sì fún un ní àga. Aago ògiri náà kò tíì ṣiṣẹ́ títí di òní.

Àṣé Aránṣọ pẹ̀lú ní ọgọ́rin ọmọ ogun nínú agolo bọ́tìnnì, ó sì ti ń wá ẹni tí yóò bá a jà láti ìgbà tí ó ti wà ní àpọ́n. Ó ti fi àbúrò ìyàwó rẹ̀ dán an wò rí, ṣùgbọ́n ìyẹn jókòó fún wákàtí kan, ó béèrè ìgbà tí àwọn ọmọ ogun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwọn méjèèjì a máa jagun lórí tábìlì ìgéṣọ nínú yàrá tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni pápá. Sátíìnì búlúù tí ó ṣẹ́kù lára abẹ́ kóòtù ni odò, afárá kan sì wà lórí rẹ̀. Fóòmù èjìká kóòtù ni òkè. Ẹlẹ́sẹ̀ a máa rin íńṣì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́ṣin íńṣì méjìlá, dáìsì ni yóò sì pinnu ẹni tí ó kú àti ẹni tí ó yè. Téèpù Aránṣọ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà. Òfin kan sì wà tí wọn kò kọ sílẹ̀: nígbà tí ẹnìkan bá ń wọn ọ̀nà, ẹnìkejì yóò kọ ojú sí fèrèsé. Bàbá Aago ni ó gbé òfin náà kalẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí téèpù, olè ni ó ń pè é.

Ẹni tí ó bá ṣẹ́gun yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ìlà Aránṣọ ti kún ilẹ̀kùn láti òkè dé ibi kọ́kọ́rọ́. Ti Bàbá Aago jẹ́ mẹ́rin.

Kì í ṣe pé bàbá náà kò mọ ogun í gbèrò. Gbogbo ètò rẹ̀ kàn ń kù díẹ̀ káàtó ni. Àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ yóò sáré títí, wọn yóò sì dúró ní ìwọ̀n ìka kan sí ẹnu afárá, níbi tí àgbá ogun Aránṣọ yóò ti bá wọn. Aránṣọ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ṣùgbọ́n ti Ẹ̀gbọ́n, ti iwájú ni ó ń wo ẹ̀yìn. Bàbá náà, tí ó lè to irin tí kò nípọn tó irun ojú sínú aago, wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé orí òun kò gba ogun.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ.

"Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n," ni ó wí. "Tèmi, gbogbo Sátidé ni mo ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, gbogbo Sátidé ló sì ń pa mí. Àbúrò, bí èyí tó ń bọ̀ yìí bá tún pa mí, ó tán nìyẹn."

Ó ní òun ti wá páálí kan, inú rẹ̀ ni òun yóò kó gbogbo ọmọ ogun òun sí, òun yóò sì kó wọn fún àwọn ọmọ àbúrò òun. Aránṣọ mọ àwọn ọmọ náà. Àbígbẹ̀yìn wọn ṣì máa ń ki ohunkóhun tí ó bá rí bọnu.

Kò sí ọ̀tá mìíràn ní gbogbo àdúgbò. Ó rò ó bóyá kí òun mọ̀-ọ́n-mọ̀ fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè fi etí lásán mọ aago tí ó ń fà sẹ́yìn, yóò mọ ogun tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyàwó Aránṣọ gbé dígí ńlá inú yàrá ẹ̀yìn sún mọ́ fèrèsé, nítorí pé àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àwọn kò rí ara àwọn dáadáa. Kò bi àwọn ọ̀gágun méjèèjì léèrè.

Nígbà tí Sátidé dé, Bàbá Aago gbé páálí rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Kò pẹ́ tí ó fi kó ẹlẹ́ṣin méjìdínlógún dé ìtòsí afárá, ó sì mú téèpù. Aránṣọ kọ ojú sí fèrèsé gẹ́gẹ́ bí òfin, ó sì bá dígí níbẹ̀. Kí ó tó di pé ó di ojú, ojú ti rí i: Bàbá Aago fi etí téèpù sí ẹsẹ̀ ẹṣin, ó sì fi ìka sórí méjìlá.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti já ẹnu téèpù náà kí àwọn méjèèjì tó pàdé, íńṣì kìíní sì bá a lọ. Lójú aránṣọ, ìyẹn kò ba téèpù jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ a máa fi ẹyọ kan kún un fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ onílé ti mọ àtẹ̀gùn tí ó ti sán. Kò sí lọ́kàn rẹ̀ rí pé ẹlòmíràn lè máà mọ̀.

Bí ó bá dákẹ́, páálí ni. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, yóò jẹ́wọ́ pé òun wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ òun, àti pé ìlà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kò mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọdún mọ́kànlá ṣì kù fún Aránṣọ, bí ó bá fẹ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí láìyí ojú padà, "íńṣì kìíní ò sí lára téèpù yẹn. Mẹ́tàlá ló yẹ kẹ́ ẹ kà."

Bàbá Aago gbé ìka kúrò lórí méjìlá.

"O ń wò mí?"

"Dígí ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Dígí? Láti Ọjọ́bọ̀."

"Íńṣì ni mò ń bi ọ́."

"Ká tó mọra, sà."

Bàbá Aago jókòó. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ṣírò gbogbo afárá tí ó ti kú sí ẹnu rẹ̀. Aránṣọ mú àkísà tútù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìlà tirẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, títí kò fi ku ẹyọ kan. Nígbà tí ó dé orí mẹ́rin ti Bàbá Aago, bàbá náà dá a dúró.

"Fi tèmi sílẹ̀. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan sáré tó sì gba ipò kìíní, ṣé wọ́n á ní kó tún un sá ni?"

Ìyàwó Aránṣọ mú téèpù tuntun wá láti inú dúrọ́ọ̀, níbi tí ó ti wà nínú ọ̀rá rẹ̀ fún ọdún méjì. Wọ́n wọn íńṣì méjìlá tí ó pé, àwọn ẹlẹ́ṣin sì wọ orí afárá. Bàbá Aago ju dáìsì. Ó bọ́ sí ení. Ó tún un jù. Ení. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́rin, àwọn méjèèjìdínlógún ti sùn sínú agolo bọ́tìnnì.

Aránṣọ kò lè wo abẹ́ tábìlì. Bàbá Aago nu awò rẹ̀, ó sì fà á mọ́ ojú padà.

"Èyí, èmi ni mo ṣe é fúnra mi," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tí ó jẹun yó.

Ó gbé páálí náà sórí tábìlì, ó yá sísọ́ọ̀sì Aránṣọ, ó gé ẹnu-ọ̀nà sí i lára, ó ní odi ìlú òun fún Sátidé tí ń bọ̀ nìyẹn. Aránṣọ fa ìlà kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní aṣọ láti gbà lọ́wọ́ Aránṣọ ní ọ̀sán Sátidé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ má ṣe taari ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, nítorí tábìlì náà fara ti ilẹ̀kùn, páálí lásán sì ni odi náà.