Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Mílílítà

Òórùn ògì tí wọ́n po mọ́ mílíìkì ló máa ń gbé mi padà sí wọ́ọ̀dù yẹn. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni, létí omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n kọ́ sórí òpó nítorí àkúnya omi, débi pé bí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì bá sáré kọjá, ibùsùn àwọn aláìsàn á gbọ̀n díẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ wa rán àwa akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lọ fún oṣù mẹ́ta, kí a lè fi ọwọ́ ṣe ohun tí a ti kà nínú ìwé. Ọmọ òkè, láti orí ilẹ̀ gbígbẹ, ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi ń ṣe, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ẹni tó mọ ìwé tó mi. Ìṣirò ni agbára mi. Olùkọ́ á ṣì máa kọ nọ́ńbà sójú pátákó, èmi á ti dáhùn, n ó sì bojú wẹ̀yìn wò bóyá àwọn tó kù ń wò mí.

Ọmọ Ugbonla ni ẹni tí wọ́n pín mọ́ mi, ó sì di ọ̀rẹ́ mi. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò yá nídìí ìṣirò, ìka ló fi ń kà á, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo aláìsàn máa ń fẹ́ kó tọ́jú àwọn. Bí àwa bá ní "wọ́n", òun á ní "ghán", a ó sì bú sẹ́rìn-ín. Tèmi ló máa ń ròkè jù. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ẹja Tútù, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí mátírọ́nù pàápàá fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Bàbá apẹja kan láti Molutehin wà ní wọ́ọ̀dù wa nígbà náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀, ó mú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pẹ̀lú, kò lè gbé ohunkóhun mì. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tì bọ imú rẹ̀ dé ikùn la fi ń fún un ní ògì tí a po mọ́ mílíìkì. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Iye bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe ìyá, kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara bàbá náà ti ń yá. Ó ti ń fún ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, dókítà sì ti ní bó bá tó ọ̀sẹ̀ kan sí i, a ó fi ṣíbí dán an wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Ó ní kí a máa fún un ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ mílílítà láàárín ọ̀sán àti òru, kí a pín in sí wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Mi ò wá bébà. Mo ro wákàtí méjìlá tí àwa máa lò lẹ́nu iṣẹ́, mo fi mẹ́rin pín in, mo rí mẹ́ta, mo sì gbàgbé òru pátápátá.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nígbà kọ̀ọ̀kan. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ sínú fáìlì. Lẹ́yìn náà ló wo ife oúnjẹ náà, ó wo ikùn bàbá tó ti rù. "Kò pọ̀ jù báyìí? Ṣé ikùn wọn á gbà á?"

Mo ní, "Ẹja Tútù, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò? Dà á, kó o sì yára."

Ó dà á. Kò tíì tán nínú síríńjì tí ikọ́ fi gbé bàbá. Oúnjẹ ń gba ẹnu jáde, ó ń gba imú jáde, ojú rẹ̀ ń yí. Iye di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń ké. A gbé e dìde, a fa ohun tí a rí fà, ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti wọ̀ ọ́.

Mátírọ́nù dé, ó ka fáìlì. "Ta ló da oúnjẹ yìí?"

"Èmi ni, mà," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

"Ta ló ṣírò rẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ìkọ̀wé rẹ̀ ló wà nínú fáìlì, gbogbo ayé ló sì mọ ẹni tó mọ ìṣirò nínú àwa méjèèjì. Mátírọ́nù ò dúró gbọ́ ìdáhùn. Èmi ló kọjú sí. "Ìwọ, ṣírò rẹ̀ sókè kó gbọ́."

Mo sì ṣe é. Ohùn mi ò gbọ̀n. "Wákàtí mẹ́rìnlélógún, tí a bá fi mẹ́rin pín in, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, tí a bá fi mẹ́fà pín in, igba ó lé àádọ́ta mílílítà ni, mà."

"O gbọ́?" ni mátírọ́nù wí fún un. "Padà sídìí ẹja tó o mọ̀ ọ́n kà."

Ọjọ́ kẹta ni bàbá kú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ilé ẹ̀kọ́ ti lé ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí Iye ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó fi ẹja yíyan mẹ́rin lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, ká ní ìwọ tó o mọ̀wé ló ṣe é ni, ọkọ mi ì bá wà." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ẹja náà se ọbẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Mo yege, mo di nọ́ọ̀sì, mo wá di olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ìṣirò oúnjẹ inú rọ́bà wà lára ohun tí mò ń kọ́ wọn, ẹ̀rù mi sì ń bà wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé gbé mi dé Ugbonla. Mo bá ọ̀rẹ́ mi nídìí ààrò, ó ń yí ẹja padà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀," ló wí. A ti jọ sùn lórí ẹní kan rí, ó wá ń fi ẹ pè mí.

Mo kúnlẹ̀ sínú èéfín, mo ní èmi ni mo ṣi ìṣirò ọjọ́ náà.

"Mo mọ̀. Ṣebí ibẹ̀ ni mo wà."

"Kí ló dé tó ò sọ nígbà náà?"

"Ta ni ì bá gbà mí gbọ́?" Ó yí ẹja kan sí i. "Ṣé ẹ ti sọ fún Iye?"

Mo ní rárá.

"Wọ́n ṣì wà ní Molutehin. Àwọn ni kí ẹ lọ kúnlẹ̀ fún. Èmi kọ́ lẹ pa lọ́kọ." Kò bínú, kò sì fi àpótí lọ̀ mí kí n jókòó.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Èmi ti rò pé bó bá ti bá mi, ó parí nìyẹn. Wọ́n ní ojú Iye ti ń ṣú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ dáadáa. Ọkọ̀ ń lọ sí Molutehin láràárọ̀. Mi ò tíì wọ̀ ọ́.