Pálọ̀ Hikmat

Hikmat ti dàgbà tán kó tó ní yàrá tí yóò dá sùn. Agboolé wọn ní Òkèrèwè ni wọ́n bí i sí, yàrá ìyá rẹ̀ níbẹ̀ ni òun, àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ tí àwọn àbúrò náà bí ti jọ ń sùn. Bó bá gbé ife kalẹ̀, kó tó yíjú padà, ẹlòmíràn ti gbé e lọ. Ó ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lè gba ilé tirẹ̀ ní Ilare: pálọ̀ kan, yàrá kan, àti kíṣìnnì tí èèyàn méjì kò lè dúró sí pọ̀. Nígbà tó sanwó ilé tán, kò ku ohun tó lè fi ra àga.

Ìyá rẹ̀ ní kó tẹ́ ẹní sílẹ̀, kó máa ṣọpẹ́. Hikmat ṣọpẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ilé òun wu ojú. Ó lọ bá káfíńtà kan lọ́nà Mọdákẹ́kẹ́, ó ra àga onígi tí ẹni tó ní kó bá òun ṣe é kò padà wá gbé, ó fi pépà tí wọ́n fi ń ha igi ha á títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó bẹ kunlékunlé kan fún ọ̀dà tó ṣẹ́ kù ní ìsàlẹ̀ garawa, ó po wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi di àwọ̀ ewé tútù tí omi gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì òkìríkà ló rán ní kọ́tìnì. Fèrèsé rẹ̀ kéré, nítorí náà ó gbé irin kọ́tìnì náà lọ sókè lábẹ́ àjà, ó jẹ́ kí aṣọ balẹ̀ gbọọrọ, fèrèsé bá dà bíi pé ó ga. Agbọ̀n tòmátì ló dojú rẹ̀ dé gílóòbù. Bí iná bá tàn, òjìji agbọ̀n náà a bo gbogbo ògiri.

Fọláyọ̀ ló ń bá a di àkàbà mú. Láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́; òun ló bá a wá ilé náà, nítorí òun náà ń gbé ní ilé tó kọjú sí i. Òwò aṣọ ló ń ṣe lórí fóònù, òwò náà kò sì lọ déédéé. Lọ́jọ́ tí Hikmat ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta, ó fi kọ́kọ́rọ́ kejì sọ́wọ́ Fọláyọ̀. Ta ni ì bá tún fún?

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Fọláyọ̀ gbé fóònù jáde.

"Jẹ́ n yà á, ọ̀rẹ́ mi. Ilé yìí ti kọjá bó ṣe yẹ."

Inú Hikmat dùn débi pé ó tún gbálẹ̀ kí wọ́n tó yà á.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, ìjì ká òrùlé kíláàsì wọn, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé. Hikmat dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó bá bàtà àlejò níbẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Fọláyọ̀ nínú pálọ̀.

"Ọwọ́ mi ni mo fi po ọ̀dà yìí, mà. Agbọ̀n yẹn náà, èmi ni mo ronú rẹ̀. Ṣẹ́ ẹ rí i, kò dìgbà téèyàn bá lówó rẹpẹtẹ."

Hikmat ṣílẹ̀kùn. Bàbá àgbàlagbà kan, Alàgbà Oyèlárán, jókòó lórí àga rẹ̀. Ìyàwó bàbá náà ń fọwọ́ pa kọ́tìnì. Wọ́n ń kọ́lé, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe inú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

"Ta nìyí?" ni ìyá náà béèrè.

Fọláyọ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ẹni tó ń bá mi tọ́jú ilé ni, mà. Hikmat, jọ̀ọ́, bá wa gbé omi wá."

Hikmat sì lọ gbé omi wá. Ohun tí kò yé e títí dòní nìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún wọn, nítorí àgbà ni wọ́n.

"O ṣé o, ọmọ dáadáa," ni ìyá náà wí. "Ọ̀gá ẹ mọṣẹ́ o."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Hikmat ti ilẹ̀kùn.

"Fọlá, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Kí ni mo jí níbẹ̀? Àga rẹ nìyí, ògiri rẹ nìyí. Tíṣà ni ẹ́, o ò ní fi ṣiṣẹ́. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ síta lórí fóònù, àwọn èèyàn ń béèrè ẹni tó ṣe é; èmi rí ọ̀nà, mo gbà á."

"O ò lè sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, ṣé wàá gbà?"

"Màá gbà! Màá tún gbálẹ̀ dè wọ́n."

Fọláyọ̀ wolẹ̀. Hikmat na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìyá Àtàndá tó ń gbé lókè ló wá sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí àlejò ti ń wọlé bí Hikmat bá ti lọ síléèwé; òun rò pé ó mọ̀ sí i ni. Ìgbà náà ni ìdí tí tìmùtìmù orí àga rẹ̀ kì í fi í sí níbi tó fi í sí tó yé e.

Ó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, kò lè jókòó ní pálọ̀ náà mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń jẹun. Ọ̀rọ̀ fọ́tò kọ́ ló ń dùn ún, omi tó gbé wá yẹn ni.

Ó pàdé ìyàwó Oyèlárán lẹ́yìn náà ní ṣọ́ọ̀bù kan.

"Ọ̀gá ẹ ńkọ́?"

"Èmi ni mo ni ilé yẹn, mà. Èmi ni mo ṣe gbogbo rẹ̀."

"Ẹ̀hẹn," ni ìyá náà wí. "Òun la ti gbéṣẹ́ fún ná." Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ya lu Fọláyọ̀. Nígbà tó fẹ́ kó lọ sí ilé tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó wá kan ilẹ̀kùn.

"Hikmat, mò ń lọ o. Wá ká jọ dágbére."

Ọjọ́ yẹn ni Hikmat kọ́kọ́ padà jókòó ní pálọ̀. Ó gbọ́ ohùn náà dáadáa, ohùn tó ti mọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó kàn jókòó sórí àga rẹ̀, kò dáhùn, títí ìró bàtà Fọláyọ̀ fi dé ìta.